Ìyẹ̀fun Tó Wú Níwájú Aṣòfin

Ẹni tí ò mọ ìwà aṣòfin ló ń bá wọn ṣàdéhùn àárọ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì ò mọ̀. Ó fẹ́ bẹ̀ wọ́n pé kí ìjọba fowó sí ìwádìí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, nítorí àìsàn ẹ̀jẹ̀ tó ń da ọkọ ẹ̀ láàmú. Ó po ìyẹ̀fun, ó fi ìwúkàrà sí i bó ṣe máa ń ṣe, ó gbé abọ́ dání lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin kó lè fi ṣàlàyé.

Àwọn tó ṣáájú ẹ̀ sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, ooru mú. Kó tó kàn án, ìyẹ̀fun ti wú kọjá ẹnu abọ́, ó ń wọ́ lọ lórí tábìlì sọ́dọ̀ alága ìgbìmọ̀. Alága fọwọ́ tì í, ló bá lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ìyá, kí lẹ gbé wá bá wa yìí?"

"Mo lè fi ṣe búrẹ́dì, mo lè fi ṣe bọ́ọ̀nsì. Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tí mo tìtorí ẹ̀ wá náà nìyẹn: ó lè di ẹ̀jẹ̀, ó lè di eegun. Ààrò làwọn dókítà ò ní, ìyẹn owó ìwádìí. Ìyẹ̀fun ò sì dúró dè yín láàárọ̀ yìí, ọmọ mi. Àìsàn náà ò ní dúró."

Lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ọkọ ẹ̀ tó bá a wá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìbò lórí owó náà, ọwọ́ alága ló kọ́kọ́ lọ sókè, tòun tìyẹ̀fun.