Ilé Tí Mo Dọ̀bálẹ̀ Gbà ní Àjàó

Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàálù. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́, kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó àbúrò mi, nítorí bí ìyẹn bá ń sọ ọ́, ẹ̀rín kì í jẹ́ kó parí rẹ̀. Èmi tí irun orí mi ti ń funfun, tí mo ní oko kòkó, tí gbogbo ìjọ wa ní Ìkéré ń kí ní ìkí àgbà, mo da àyà délẹ̀ gbalaja nínú eruku Àjàó Estate, níwájú ọmọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò bóńgò àti bàtà gogoro. Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Èyí tó burú jù ni pé ọmọkùnrin náà gbà pé òun ni mo kí.

Káyọ̀dé àbúrò mi ló gbé mi dé ibẹ̀. Tíṣà ni tẹ́lẹ̀ nílùú wa. Nígbà tí owó epo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, tí gbogbo ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó ń wá akọ̀wé, wọ́n gba òun náà. Ó ti lọ ṣáájú, ilẹ̀ yàrá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Òṣòdì ló ń sùn. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn wà lọ́dọ̀ mi. Nínú ìdílé tiwa, a kì í kó ìyàwó àtọmọ lọ sílé tí àgbà ẹbí kan kò tíì fojú rí. Àgbà náà gbọ́dọ̀ wọlé, kó wo òrùlé, kó mu nínú omi ibẹ̀, kó sì mọ ẹni tí wọ́n jọ máa pín ògiri. Bàbá wa ti kú, èmi ló kàn. Mo sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún fọ́nnu káàkiri pé mo mọ Èkó, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dé ibẹ̀ rí, nígbà tí a ṣì ń ná pọ́n-ùn, tí n kò sì kúrò ní ibùdókọ̀ ojú irin Ìddó títí mo fi padà.

Ọ̀dọ̀ ọmọ náà lọ̀ràn wà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni, gìrì sì ti mú un lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rù ló fà á nígbà méjèèjì. Ti àkọ́kọ́, ọmọrí ìkòkò ló já lulẹ̀. Ti èkejì, ewúrẹ́ ló gba ojú fèrèsé wọlé. Láti ìgbà náà, oorun kò kún ojú ìyá rẹ̀ mọ́. Nígbà tó sìn mí dé gáréèjì kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ó ní òun kò bẹ̀ mí pé kí n wá ilé tó dára. Ó ní kí n ṣáà wá ibi tí ọmọ òun á ti lè sùn.

Ọyẹ́ mú lówùúrọ̀ náà débi pé dírẹ́bà ní láti da omi gbígbóná sí ẹ́ńjìnnì Pijó rẹ̀ kó tó dáhùn. Náírà mẹ́rin ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, ìyẹn pọ́n-ùn méjì ní ìṣirò tèmi, nítorí n kò tíì gbà nínú ọkàn mi pé owó ni náírà. A gba Àkúrẹ́, a gba Oǹdó. Láti Ọ̀rẹ̀ lọ, ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ni mo ń rí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, gbogbo wọn ń sáré bí ẹni pé ẹnì kan ń lé wọn. Dírẹ́bà wa náà ń sáré. Mo di àga iwájú mú, mo ń ka Sáàmù tí mo kọ́ ní Sítáńdáàdì Tíírì, níbi tí ìwé mi parí sí. Nígbà tó rí ẹnu mi tó ń mì, ó bi mí léèrè ohun tí mò ń wá lọ sí Èkó. Mo ní ilé fún àbúrò mi ni.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ẹ bá ti sọ pé wúrà lẹ ń wá lọ. Ìyẹn ṣì wà.”

Ní Ìjẹ̀bú-Òde mo ra búrẹ́dì, ẹnu mi kò sì lè sọ iye rẹ̀ fún ìyàwó mi títí dòní. Nígbà tí a dé Òṣòdì, oòrùn ti ń lọ sílẹ̀. Káyọ̀dé dúró dè mí ní òdìkejì títì. Mo wo ibi tí mo mọ̀ pé ọkọ̀ máa ń ti wá, mo gbé ẹsẹ̀. Mo ti gbàgbé pé ìjọba ti kó gbogbo ọkọ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹnì kan fi ẹ̀wù fà mí sẹ́yìn, ó bú mi, ó sì tún bá mi gbọn eruku ara mi. Bí wọ́n ṣe ń ṣoore níbẹ̀ nìyẹn. Nínú yàrá ọ̀rẹ́ Káyọ̀dé, àwọn ọkùnrin tò sílẹ̀ bí iṣu inú abà, gbogbo wọn ní iṣẹ́ tó dára, kò sẹ́ni tó ní yàrá.

Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ Sátidé, ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní ejẹ́ǹtì, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fífi ilé onílé han àwọn ènìyàn, mú wa lọ sí Òkóta. Ilé tuntun ni, ó dúró gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n omi ló yí i ká, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni a sì gbà dé ẹnu ọ̀nà. Mo rákò lórí rẹ̀ bí ọmọdé, pẹ̀lú ọwọ́ àti orúnkún, nígbà tí ejẹ́ǹtì ń fi bàtà dídán rìn lórí rẹ̀ bí ẹni ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bi í ìgbà tí omi náà máa lọ. Ó ní tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé ni.

Oṣù Ṣẹẹrẹ la wà. Ètè mi ti là fún ọyẹ́. Mo wo Káyọ̀dé, Káyọ̀dé wo mí, a tún pákó gbà padà.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn la dé Àjàó. Títì ibẹ̀ tẹ́jú, òdòdó wà lẹ́nu géètì. Onílé fúnra rẹ̀ ló dúró dè wá, ọmọ tí mo lè bí. Náírà ọgọ́ta lóṣù kan ló ní òun máa gbà. Mo béèrè bóyá oko wà lẹ́yìn rẹ̀ ni. Kó tó ṣí ilẹ̀kùn, ó bi Káyọ̀dé bóyá ó lọ́mọ. Káyọ̀dé ní ọ̀kan ni. Ó ní á jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti parí, òun kì í gba ọlọ́mọ, àwọn ọmọdé máa ń ba ọ̀dà ara ògiri jẹ́. Ẹnu yà mí. Láyé mi n kò gbọ́ ọ rí pé wọ́n ń torí ọmọ lé ènìyàn nílé. Káyọ̀dé ń bẹ̀ ẹ́. Èmi náà la ẹnu láti bẹ̀ ẹ́.

Ìgbà náà ni bàálù dé. N kò rí i tó ń bọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọ̀run ya, ilẹ̀ mì, òjìji ńlá kan bò wá mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo máa mọ ibi tí mo wà, imú mi ti wà nínú eruku, fìlà mi ti lọ sọ́nà tirẹ̀.

Nígbà tí ariwo náà lọ tán, mo gbọ́ ohùn onílé lókè orí mi. Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú rẹ̀. “Ẹ dìde, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kó wọn wá, tọmọtọmọ.”

Ẹ wò ó, kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Káyọ̀dé gbé mi dìde, ojú rẹ̀ ti rọ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, nítorí tèmi?” Mo ní nítorí tìẹ ni.

Ó ṣílé fún wa. Omi ń jáde lára ògiri. Abẹ́bẹ̀ ń dá yí lókè àjà. Ilé ìgbẹ́ wà nínú ilé gan-an, ìgbésẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti máa jẹun. Onílé fa ṣéènì kan, omi bú jáde, mo sì bọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bàálù kejì kọjá nígbà tí a wà nínú yàrá. Gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n, mo fi ọwọ́ méjèèjì mú ògiri, ọmọ yẹn sì wá sí mi lọ́kàn. Mo bi onílé bóyá wọ́n máa ń pọ̀. Ó ní rárá o, àfi tí wọ́n bá ń gbéra àti tí wọ́n bá ń balẹ̀.

Mo tún bi í ta ló ń gbé lẹ́yìn ògiri. Ó ní òun kò mọ orúkọ ọkùnrin náà, àárọ̀ ló ń jáde, alẹ́ ló ń wọlé. Mo ní ṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ó ní ó ti pẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, a lọ sí Ìsọlọ̀. Ẹnì kan ní ọ́fíìsì Káyọ̀dé ló sọ pé yàrá àti pálọ̀ kan ṣófo níbẹ̀. Káyọ̀dé kò fẹ́ lọ, ó ní a ti rílé. Ilé gígùn ni, yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀ọ̀dẹ̀ láàárín. Ilé ìdáná kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò, èéfín ti sọ ọ́ di dúdú bíríbírí, nígbà tí mo sì dé ṣálángá ẹ̀yìnkùlé mo di imú mi mú títí mo fi jáde. Mo mu omi kànga wọn. Ó dùn ju bí mo ṣe rò lọ.

Ìyá Ràfíù, obìnrin Ìṣẹ́yìn kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Aswani, ni àgbà ilé náà, ọwọ́ rẹ̀ ni onílé fi kọ́kọ́rọ́ sí. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣẹ́ etí aṣọ. Káyọ̀dé béèrè iye tí wọ́n ń gba rẹ́ǹtì. Obìnrin náà kò gbójú sókè, ó béèrè orúkọ ọmọ.

Káyọ̀dé ní, “Mọ́mì, rẹ́ǹtì ni mo béèrè.”

“Mo gbọ́. Rẹ́ǹtì ò sá lọ. Kí lorúkọ ọmọ?”

Mo ní Dámilọ́lá ni.

“Ìyá Dámilọ́lá.” Ó pè é bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. “Mo fẹ́ mọ ohun tí n ó máa pè é ni. Ìwọ á ti lọ síṣẹ́, èmi àtòun la jọ máa wà nílé tí n kò bá lọ sọ́jà.”

N kò mọ ìgbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ gìrì náà fún un. Kò pariwo. Ó pe obìnrin méjì jáde, wọ́n jókòó tì wá, wọ́n ń bi mí bó ṣe máa ń pẹ́ tó, àti bóyá ara ọmọ máa ń gbóná ṣáájú. Ọ̀kan ní ti ọmọ òun náà rí bẹ́ẹ̀, pé kí wọ́n má ṣe da nǹkan kan sí i lẹ́nu, kí wọ́n yí ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, pé ilé ìwòsàn kan sì wà níwájú níbẹ̀. Ìyá Ràfíù ní ilẹ̀kùn òun ni kí ìyá ọmọ kọ́kọ́ kàn, ìgbàkígbà tó bá jẹ́. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, bàálù kan kọjá lókè réré, ó kéré bí àwòdì. Mo sì tẹrí ba. Àwọn obìnrin náà fi mí rẹ́rìn-ín.

Lójú ọ̀nà, Káyọ̀dé ní kí n má wulẹ̀ ronú. Ó ní Àjàó ni, ariwo á mọ́ ọmọ lára, báwo ni òun ṣe fẹ́ kó ìyàwó òun lọ sí ibi èéfín àti ṣálángá. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti dọ̀bálẹ̀ gbà á.” Ó jẹ́ òótọ́ lójú tirẹ̀. Ojú wo ni mo fẹ́ fi padà lọ sọ fún ọmọkùnrin yẹn pé a kò fẹ́ mọ́? Mo ní kó jẹ́ kí n délé ná, kí n sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀.

Èrò yẹn ni mo gbé wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó wúwo ju àpò mi lọ. N kò tilẹ̀ ráyè bẹ̀rù dírẹ́bà. Mo kúrò nílé láti lọ wo òrùlé àti omi. Èkó ní òrùlé, omi ibẹ̀ ń jáde lára ògiri, síbẹ̀ n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé mo rílé.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọ Ìkéré. Ìyàwó wa bu omi fún mi, ó gbé oúnjẹ wá, kò bi mí ní nǹkan kan títí mo fi jẹun tán. Mo bẹ̀rẹ̀ láti Àjàó. Mo sọ ti omi ara ògiri, ti abẹ́bẹ̀, ti ṣéènì. Mo sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ bàálù fún un, òun sì lẹni àkọ́kọ́ tó gbọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí. Mo sọ ti Òkóta. Mo sọ ti Ìsọlọ̀, n kò fi èéfín pamọ́, n kò fi ṣálángá pamọ́, mo sọ gbogbo ohun tí ẹnu àwọn obìnrin ibẹ̀ sọ. Mo wá ní ọkọ rẹ̀ fẹ́ Àjàó, pé èmi náà ti gbà á, àfi kó gba kámú.

Ó gbé ọmọ lé èjìká, ó ń rọra gbá a lẹ́yìn. Ó ní, “Bàbá, nínú gbogbo àwọn tí ẹ bá sọ̀rọ̀ ilé yìí ní Èkó, ta ló béèrè orúkọ ọmọ mi?”

Mo ní obìnrin Ìṣẹ́yìn yẹn nìkan ni.

“Ẹ bá mi sọ fún bàbá Dámilọ́lá pé ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń bọ̀.”