Wọ́n Fi Ọjọ́ Orí Pín Àṣẹ Kọ̀ǹpútà

Títí di òní, bí mo bá rántí ilé ìwé kan ní Ifọ̀, ṣe ni itọ́ kíkorò máa ń kún mi lẹ́nu. Èmi ni mo ṣètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n kó orúkọ àti fọ́tò àwọn ọmọ ilé ìwé sí. Kọ̀ǹpútà ọ̀hún kò ní ara tí èèyàn lè fọwọ́ bà. Inú kọ̀ǹpútà ńlá kan l'Ékòó ló ń gbé bí ayálégbé, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó wà ní Ifọ̀ á kàn ṣí ojú rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n bá ti fún un láṣẹ.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ fa iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́, mo ní kí ìgbìmọ̀ ilé ìwé náà sọ ẹni tó máa gba àṣẹ wo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín: ọjọ́ orí ni wọ́n fi pín in. Bàbá alága, tí wọ́n máa ń na fóònù jìnnà sójú kí wọ́n tó mọ ẹni tó ń pè wọ́n, àwọn ni wọ́n gba gbogbo àṣẹ. Akọ̀wé, obìnrin tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́, gba àṣẹ àtimáa wòran. Wọ́n ní òun ló kéré jù. Mo yọ àṣẹ tèmi kúrò nínú rẹ̀, mo gbé báàgì mi, mo lọ.

Kò ju oṣù méjì lọ, akọ̀wé pè mí nílé ní Mowe. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò àṣekágbá máa parí, inú kọ̀ǹpútà yẹn sì ni orúkọ àwọn ọmọ wà. Kọ̀ǹpútà náà ti kú, ó ti jí, ó wá dúró gbagidi, ó ń retí kí ẹnìkan tẹ bọ́tìnnì kan. Bọ́tìnnì kan péré! Akọ̀wé ń rí orúkọ kọ̀ǹpútà náà, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ ṣí ojú rẹ̀, kọ̀ǹpútà á ní kò láṣẹ.

Mo ní kó jáde, kó tún wọlé. Mo ní kó pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù. Mo ní kó lo kọ̀ǹpútà mìíràn. Mo kúkú mọ ohun tó ń ṣe wá, ojú ló ń tì mí láti sọ ọ́.

Nígbà tó di aago kan, mo pe bàbá. Ibi ìpàdé ẹbí ni wọ́n wà l'Ágbàdo. Mo kí wọn, mo kí ìyàwó wọn, mo kí àwọn àlejò, kí n tó ṣàlàyé pé kí wọ́n kàn máàkì ibì kan níwájú orúkọ akọ̀wé.

"Kí òun náà lè máa ṣe ohun tí èmi ń ṣe?"

"Ẹ̀yin kì í ṣe é, sà."

Ẹnu mi ló kó bá mi. Mo yáa bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Bàbá ní kí akọ̀wé wá bá àwọn níbẹ̀, kó wá tọrọ rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Ó gun ọ̀kadà lọ, ó kúnlẹ̀ níwájú ẹbí tí kò mọ̀ rí, nítorí bọ́tìnnì. Ìgbà náà ni wọ́n tó gbé fóònù wọn, tí mo ń kọ́ wọn láti Mowe: ẹ tẹ ibí, ẹ fà á wálẹ̀, ẹ máàkì í. Aago mẹ́ta ti lù. Akọ̀wé tẹ bọ́tìnnì lórí fóònù tirẹ̀, níbi tó kúnlẹ̀ sí, kí mẹ́rin sì tó lù, orúkọ gbogbo àwọn ọmọ ti wọlé fún ìdánwò.

Lọ́jọ́ kejì ó tún pè mí. Kọ̀ǹpútà tún ti ní kò láṣẹ.

"Bàbá ti yọ máàkì náà láàárọ̀ yìí, sà. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ṣe é, wọn ò pe ẹnikẹ́ni."

Wọn ò ṣe àṣìṣe kankan. Mo ti kọ́ wọn dáadáa.