Láwàní Inú Kúlà

Àwọn tó ń ta ẹ́ńsáìmù lókè òkun gbà pé bí ọjà bá ti dé Èkó, ó parí nìyẹn. Bí yóò ṣe dé Ìlọrin, Ọlọ́run ló mọ̀. Láti ìgbà tí mo ti wà ní láàbù wa ní Tanke, ọwọ́ dírẹ́bà ni sáyẹ́ǹsì wa wà.

Ara ewéko ni èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ti ṣẹ̀, àmọ́ bakitéríà ni wọ́n kọ́ láti máa ṣe é, ó sì ń ṣe é láìbéèrè owó oṣù, kò dà bí àwa. Iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù náà ni kó fi nǹkan bíńtín kan tí à ń pè ní mẹ́táìlì dé ìparí àwọn RNA kéékèèké, okùn tíntìntín tó ń gbé àṣẹ kiri inú ewé, bí ẹni dé fìlà, kí àwọn tó ń jẹ wọ́n run má baà rí ibi bù jẹ. Ràlíátù, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣèwádìí ewé ẹ̀wà lọ́dọ̀ mi, ló nílò rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ti sún ọjọ́ tí yóò parí síwájú fún un títí, wọ́n ní bí iṣẹ́ náà kò bá yọrí lọ́tẹ̀ yìí, kó máa lọ ilé. Ìgò kan ṣoṣo, tí kò ju ìka ọmọdé lọ, ni agbára wa ká.

Bàbá Sàlíù, ọmọ Ìlọrin tó ń wa bọ́ọ̀sì láti Èkó, ló bá wa gbé e. Kó tó gbéra, ó pè mí pé kí ló wà nínú kúlà yìí tí mo fi ń pariwo tó báyìí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé mẹ́táìlì fún ẹni tí èrò ọkọ̀ ń bú lọ́wọ́?

Mo ní, "Bàbá, ẹni tó ń wé láwàní fúnni ni. Ẹni tó bá ti wé e fún, kò sẹ́ni tó lè jẹ ẹ́ níyà mọ́."

Ó ní òun ti gbọ́. Mo gbà lọ́jọ́ náà pé olùkọ́ rere ni mí.

Nígbà tí èmi àti Ràlíátù lọ pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ Post Office, ẹ̀rín ló fi sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ ò wí fún mi pé èéfín ń yọ lára áìsì yín. Mo ti bá yín da gbogbo ẹ̀ nù."

Áìsì tó ń rú èéfín yẹn la gbọ́kàn lé pé yóò mú un tutù délé. Ràlíátù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó bú sẹ́kún. Èmi dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá, mo kí i kú iṣẹ́ panápaná. Ó dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

A dé láàbù, a ṣí kúlà. Píọ̀ wọ́tà dídì ló kún inú rẹ̀ bámúbámú, ó ṣì le koko. Ìgò náà wà láàárín, Bàbá ti fi aṣọ funfun wé e lórí.

A dán an wò. A da kẹ́míkà tó ń ba RNA tí kò ní mẹ́táìlì jẹ́ lé RNA tí ẹ́ńsáìmù náà ti ṣiṣẹ́ lé lórí àti èyí tí kò fọwọ́ kàn. Èyí tí kò fọwọ́ kàn bàjẹ́, èkejì dúró digbí. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé gbogbo èébú tí mo ti tò sílẹ̀ de Bàbá. Mo pè é.

Ó ní òun ò lè jẹ́ kí ooru mú ẹni tó ń wé láwàní, pé gbogbo ibi tí ọkọ̀ ti dúró lòun ti ń pààrọ̀ áìsì. "Ṣé ó ti wé e?"

"Ó ti wé e, Bàbá."

"Alihamudulilahi. Àáfà wo ló wé e fún?"

"Ewé ẹ̀wà ni, Bàbá."

Ó ní òun ti sọ fún gbogbo Ọjà-Ọba pé ọkọ̀ òun ló gbé láwàní kan wọ̀lú.

"Ìyá Láàbù," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ẹ̀wà ni."