Bí Láoyè Ṣe Sáré Dé Aráròmí-Obu

Ọdún tí ìjọba ológun ń dá òṣìṣẹ́ dúró bí ẹni ń gbọn èso lórí igi, Láoyè wà lára àwọn tó já bọ́. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣọ́ igbó ọba ní agbègbè Òdìgbó. Ẹsẹ̀ ló fi ń ṣe iṣẹ́ náà: láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, yóò máa rìn káàkiri, yóò máa wo igi tí wọ́n sàmì sí àti èyí tí àwọn agégẹdú jí gé. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni nígbà tí lẹ́tà dé.

Láti ọjọ́ náà ni ara rẹ̀ kò ti gba ìjókòó mọ́. Bí ó bá jókòó ti oúnjẹ, orúnkún rẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ tábìlì. Yóò dìde, yóò lọ wo ẹnu ọ̀nà, kí ó tó padà, ọbẹ̀ á ti tutù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìta ló ti ń gbọ́ ìwàásù. Monílọ́lá ìyàwó rẹ̀, tó ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé wọn ní Ọ̀rẹ̀, kàn ń wò ó ni.

"Bàbá Adédoyin, kí ló ń lé yín?" ló bi í lọ́jọ́ kan.

"Kò sí nǹkan tó ń lé mi. Ẹsẹ̀ ló ń yún mi."

"Ẹ jẹ́ kó yún yín dé oko ẹ̀gẹ́ nígbà náà. Koríko ti bò ó."

Ó lọ. Ó ro oko náà tán kí oòrùn tó mú, síbẹ̀ ara rẹ̀ kò rọlẹ̀. Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé kan, ó wọ ṣòkòtò péńpé àti bàtà kánfáàsì àtijọ́, ó bá eré lọ. Ó gba ọ̀nà inú oko kòkó tó ti Ọ̀rẹ̀ lọ sí Òdìgbó, ó sì sáré padà. Nígbà tó wọlé, ó tutù bí ẹni tí òjò pa, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ló jẹ iyán tán lórí ìjókòó kan, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ láti oṣù mẹ́ta.

Bó ṣe di eléré Sátidé nìyẹn. Àwọn ará àdúgbò rò pé iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti dà á lórí rú.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí gbòǹgbò àti òkúta fi fa bàtà náà ya. Òmíràn kò ṣe é rà; ohun tó bá ti òkè òkun wá ti di ọ̀wọ́n gógó, ọṣẹ ìfọṣọ pàápàá, ìlà ni wọ́n ń tò sí. Láoyè gbé bàtà rẹ̀ lọ bá Mùkáílà, aránbàtà tó ń jókòó nítòsí gáréèjì.

Mùkáílà yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Bàbá, òkú lẹ gbé wá yìí. Sísin ló kù."

"Wá òmíràn ṣe fún mi. Èyí tí ẹrẹ̀ kò ní í gbà mọ́ mi lẹ́sẹ̀."

Mùkáílà wá ògbólógbòó táyà ọkọ̀ agégẹdú kan, ó gé àtẹ́lẹsẹ̀ lára rẹ̀, ó fi ọ̀bẹ la ojú rẹ̀ jinlẹ̀ kí ó lè máa di ilẹ̀ mú. Tapólì ló fi ṣe òkè, ó sì fi okùn ọ̀rá rán an. Bàtà náà burẹ́wà, ó sì wúwo, ṣùgbọ́n Láoyè fi sáré gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò lẹ́yìn òjò, kò yọ̀. Mùkáílà fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i. Ó ṣe irú rẹ̀ fún ara rẹ̀, ó sì tẹ̀lé e ní Sátidé kejì. Yàhàyá, àlejò àgbẹ̀ tó ń dá oko kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀, rí wọn lójú ọ̀nà, òun náà kó sí i. Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti di mọ́kànlá.

Ibì kan wà tí ọ̀nà náà ti yà sí méjì, ọ̀kan lọ sí Òdìgbó, èkejì sí Aráròmí-Obu. Bí wọ́n bá ti débẹ̀, Láoyè á tẹ eré mọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni tí oyin ń lé.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká gba ibí lọ́jọ́ kan," Yàhàyá sọ. "Ó tẹ́jú."

"Rárá." Ó ti sáré kọjá oríta náà.

Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù ni ọjọ́ ìmọ́tótó. Láti aago méje dé mẹ́wàá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn lójú títì. Iwájú ilé rẹ ni wàá máa gbá. Àwọn eléré kì í jáde ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, Láoyè kò lè fara dà á. "A ó ti padà kí aago méje tó lù," ó ní. Mùkáílà àti Yàhàyá nìkan ló gbà. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, Yàhàyá fi ẹsẹ̀ rọ́, wọ́n ní láti gbé e léjìká. Aago méje ààbọ̀ ni wọ́n yọ sí títì, wọ́n sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn sójà.

"Ṣé ẹ ò gbọ́ òfin ni?" sójà kan tí kò ju àbígbẹ̀yìn Láoyè lọ kígbe.

"Èmi ni mo kó wọn jáde," ni Láoyè dáhùn. "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Bí ẹ ní kí n fò bí ọ̀pọ̀lọ́ dé Òdìgbó, màá fò ó."

Sójà náà wo iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn á dùn mọ́ yín, Bàbá. Ẹ jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn títí aago mẹ́wàá. Mi ò fẹ́ kí ẹ mira."

Wọ́n fi Yàhàyá sábẹ́ igi, wọ́n ní kí Mùkáílà máa kó gọ́tà. Láoyè jókòó lórí yanrìn. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ara ti ń gún un. Bó ti fẹ́ na ẹsẹ̀, sójà jágbe mọ́ ọn. Kò wá sí ibi tó lè sá sí mọ́, ohun tó ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí sì bá a.

Kí lẹ́tà tó dé, ọ̀gá rẹ̀ ti pè é ní kọ̀rọ̀. "Mú orúkọ ẹnìkan wá nínú àwọn tó wà lábẹ́ rẹ. Bí o kò bá mú un wá, tìrẹ ni màá kọ." Ó kọ orúkọ Adébóyè, ará Aráròmí-Obu, tó ti bá a wọ igbó fún ọdún mọ́kànlá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n dá Adébóyè dúró, wọ́n dá Láoyè náà dúró. Adébóyè ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá kí i, ó ní, "Ọ̀gá, a jọ kó sí i ni." Láoyè gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, kò sì jẹ́wọ́ fún un.

Nígbà tí aago mẹ́wàá lù, sójà rí omi lójú rẹ̀. Ojú ti sójà náà. "Ẹ má bínú, Bàbá. Iṣẹ́ ni."

Ọ̀rọ̀ náà gún Láoyè. Ohun tí òun náà sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn lọ́jọ́ tó gbé bírò.

Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Monílọ́lá. Ìyàwó rẹ̀ gbé agbada gàrí kúrò lórí iná. "Ẹ lọ sọ fún un," ló sọ. "Ẹ má rán mi ní iṣẹ́ yìí o."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n dé oríta, Láoyè yà sí Aráròmí-Obu. Ó ní kí àwọn yòókù máa bá tiwọn lọ. Ó bá Adébóyè níbi tó ti ń ká kòkó pẹ̀lú Oyin, ìyàwó rẹ̀.

"Ọ̀gá! Ẹ káàbọ̀!"

"Má pè mí lọ́gàá. Èmi ni mo kọ orúkọ rẹ."

Adébóyè wò ó bí ẹni tí kò gbọ́. Láoyè tún un sọ. Oyin ló kọ́kọ́ fọhùn: "Ẹ̀yin tí a gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún?" Adébóyè gbé àdá rẹ̀, ó wọnú oko lọ, ó sì fi Láoyè sílẹ̀ lórí ìdúró.

Láoyè tún padà lọ ní Sátidé kejì. Kò sẹ́ni tó kí i. Ó dúró títí, ó sáré padà sílé. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Adébóyè yíjú sí i.

"Kí lẹ tún ń wá?"

"Mi ò mọ̀. N kò kàn lè dúró sílé ni."

Adébóyè fi ẹnu àdá tọ́ka sí agbọ̀n kan tó kún fún kòkó. "Ẹ gbé ìyẹn lọ sábẹ́ igi lọ́hùn-ún."

Láoyè gbé e. Nígbà tó padà, òmíràn ti wà nílẹ̀.

"Mi ò tíì dárí jì yín o," Adébóyè sọ láìgbójú sókè.

"Mo mọ̀," Láoyè fèsì, ó sì bẹ̀rẹ̀, ó gbé èkejì.