Ọdún Tí Wọ́n Ní Ká Má Kí Ara Wa

Ní Ìkàrẹ́, inú ilé kan náà ni bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọmọbìnrin kan tí a jọ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Orí ẹní kan la jọ ń sùn, bẹ́ǹṣì kan la jọ ń jókòó sí ní kíláàsì.

Ìgbà tí ìdìbò ń bọ̀, bàbá mi wọ ẹgbẹ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ èkejì. N kò mọ ohun tí wọ́n fi yàtọ̀, àfi fìlà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ ògiri sí àárín àgbàlá. Kànga bọ́ sọ́dọ̀ wọn, ilé ìdáná bọ́ sọ́dọ̀ wa. Àwọn ń dáná nínú òjò, àwa ń pọnmi lódò.

"Bàbá mi ní n kò gbọ́dọ̀ bá ẹ sọ̀rọ̀," ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi wí fún mi ní kíláàsì.

"Bàbá tèmi náà sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa."

A sún mọ́ ara wa lórí bẹ́ǹṣì, a dákẹ́.

Lọ́jọ́ kan, a ń ṣe ìṣirò, ó gbórí lé tábìlì. Apá rẹ̀ kan tèmi, ó gbóná janjan. Olùkọ́ bi mí bóyá ara rẹ̀ ò yá. N kò dáhùn. Olùkọ́ rò pé oorun ni, ó nà án.

Mo sọ fún bàbá mi nílé. Kò gbójú kúrò nínú ìwé ìròyìn.

"Ẹgbẹ́ wọn ló ní àwọn á máa wo aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́. Kí wọ́n lọ wò ó."

Alùpùpù bàbá mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá ọmọ náà pọ̀n ọ́n, ó gba ẹ̀gbẹ́ alùpùpù kọjá, ó fẹsẹ̀ rìn dé ọsibítù. Ọmọ náà yè é, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kan ò gbọ́ràn mọ́. Ìyá rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí tirẹ̀ ní Ọ̀kà.

Nígbà tó yá, ṣọ́jà gbàjọba, wọ́n fòfin de gbogbo ẹgbẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ jẹ iyán nínú abọ́ kan, wọ́n ń bú ṣọ́jà. Ẹnikẹ́ni ò lọ sí Ọ̀kà.

Mo ti dàgbà kí n tó wọkọ̀ lọ bá a. Ó ń bó ẹ̀gúsí níwájú ilé.

"Ẹ káàbọ̀. Ta lẹ ń wá?"

"Ìwọ ni."

Ó wojú mi pẹ́. Mo ní mo mọ̀ pé ara rẹ̀ gbóná lọ́jọ́ náà, pé mo kàn dákẹ́ ni.

"Mo mọ̀," ó wí. "Jókòó sápá ọ̀tún mi, ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ràn."