Ìbòrí Tí Mo Rán fún Ọkọ̀ Ọmọ Mi

Mo rántí òórùn tó máa ń kọlù mí bí mo bá ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: òórùn lẹ́dà, fọ́ọ̀mù àti gúlúù, tí oòrùn Òkè Fíà ti ń yan láti àárọ̀. Ìbòrí ìjókòó ọkọ̀ ni mò ń rán nígbà náà, ní ṣọ́ọ̀bù kan létí títì ní Òṣogbo, mo sì fẹ́ràn ọkọ̀ gan-an. Bí ọdún bá ti yí, tí àwọn ilé iṣẹ́ gbé ọkọ̀ tuntun jáde, màá wo àwòrán wọn lórí fóònù, màá sì kọ èrò mi sínú ìwé kan tó ní ìlà. Kí ọ̀kan nínú wọn tó wọ Òṣogbo, mo ti dá a lẹ́jọ́. Èyí tí àtùpà rẹ̀ tín-ín-rín, mo ní ó dà bí ojú ẹni tí oorun ń kùn. Èyí tí wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá sí iwájú awakọ̀, mo béèrè pé ta ni yóò máa wo ọ̀nà. Èyí tí kò ní sípíà táyà, tó jẹ́ ìgò gúlúù tí wọ́n fi ń dí táyà tó jò ni wọ́n fi sí búùtù rẹ̀, mo ní kí ẹni tó ṣe é wá gbé ìgò náà dání láti Òṣogbo dé Iléṣà, kó sọ bó ṣe rí.

Oníṣòwò aṣọ kan wà ní Iléṣà tó máa ń pààrọ̀ ọkọ̀ lemọ́lemọ́. Bó bá ti gbé tuntun dé, á ní, “Ìyá oníbòrí, kí lẹ rí sí tọdún yìí?”

“Ìjókòó funfun ni. Ta ló ń lo ìjókòó funfun nígbà ọyẹ́?”

“Ẹ ò rí ire sọ rí! Ẹ ṣáà bo gbogbo ẹ̀ fún mi. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ tà á, kí ẹni tó máa rà á rò pé mi ò jókòó sí i rí.”

Bí gbogbo wọn ṣe ń fẹ́ ẹ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ àga iwájú, lápá ibi tí ilẹ̀kùn wà, aṣọ pélébé kan máa ń wà tí wọ́n kọ “ẹ́bàágì” sí. Mo lọ sí ilé ìwé girama, mo kà á dáadáa. Mo mọ̀ pé ẹ́bàágì ni àpò tó máa ń wú jáde láti inú sítíà bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan. Mo wá rò pé ilé iṣẹ́ ń fi ẹ́bàágì inú sítíà wọn ṣe fáàrí ni, bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ sí ọrùn ẹ̀wù. Ó ń ba iṣẹ́ mi jẹ́ lójú mi. Mo ń bò ó, mo sì ń rán ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, torí ibẹ̀ ni ìbòrí àwọn ẹlòmíì ti máa ń kọ́kọ́ já.

Nígbà tí ọmọ mi kan ṣoṣo ríṣẹ́ sí Ìkéjì-Arákeji, tó ń ti Òṣogbo lọ, tó ń bọ̀ lójoojúmọ́, ọkàn mi kò balẹ̀. Èmi ni mo yan ọkọ̀ tó rà, láti inú ìwé mi: tókúnbọ̀ kékeré aláwọ̀ eérú. Mo fa bẹ́líìtì rẹ̀ wò ní ìgbà mẹ́wàá. Lẹ́dà tó nípọn jù ni mo lò fún ìbòrí rẹ̀, òwú pupa tí kì í já ni mo fi rán an, mo sì rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi aṣọ ẹ́bàágì yẹn, lẹ́ẹ̀mẹta.

“Màámi, ṣé àga lẹ ń rán ni, àbí àpò sìmẹ́ńtì?”

“Jókòó sí i, kí n wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.”

Ó jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ibi tó wú, kò sí ibi tó ká. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ó tó ọdún méjì lẹ́yìn náà kí riwáyà, ọ̀gbẹ́ni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ládùúgbò wa, tó gbé àga kan wá fún àtúnṣe láti inú ọkọ̀ tó ní ìjàǹbá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ya láti òkè dé ìsàlẹ̀, àpò funfun kan rọ̀ jáde níbẹ̀ bí ahọ́n.

“Ta ló fi ọ̀bẹ ya eléyìí?”

“Kò sẹ́ni tó yà á, Màmá. Ẹ́bàágì inú àga ló gba ibẹ̀ jáde. Òun ló gba ìhà awakọ̀ yẹn là. Awakọ̀ náà ti ń rìn káàkiri.”

“Bí nǹkan bá bò ó ńkọ́?”

Ó wo iṣẹ́ tó wà lórí máṣíìnì mi, ó wò mí. “Bó bá nípọn tó tiyín yìí, Màmá, ó lè máà ráyè jáde.”

Mo pe ọmọ mi lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó dúró síbi tó bá wà, kó wá abẹ, kó ya ìbòrí náà.

“Màámi, mo ti ta ọkọ̀ yẹn, ọjọ́ kẹta rèé. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ títí màá fi ra òmíràn, torí ẹ máa fi oṣù kan yẹ̀ ẹ́ wò.” Tọkọtaya kan ló tà á fún ní Iléṣà, wọ́n gbé ọmọ ọwọ́ dání, wọ́n ní Ìbòkun ni àwọn ń gbé. “Ìbòrí yín ló tà á o! Ìyàwó yẹn ń fọwọ́ pa á ṣáá, ó ní òun ò rí ọkọ̀ tó mọ́ tó báyìí rí.”

Nọ́ńbà tí wọ́n fi sílẹ̀ kò lọ. A lọ sí Ìbòkun ní Sátidé méjì, à ń béèrè ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ eérú. Wọ́n fi mẹ́rin hàn wá, kò sí òwú pupa nínú ìkankan. Mo wá yẹ ìwé mi wò fún àwọn yòókù tí mo rán ìbòrí fún. Mo ti kọ ìwọ̀n àga gbogbo ọkọ̀ sílẹ̀ dé orí ìdajì ínṣì, n kò kọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni. Àwọn díẹ̀ tí mo dá mọ̀ ni mo pè pé kí wọ́n yọ ìbòrí wọn. Ẹni méjì yọ ọ́. Oníṣòwò aṣọ rẹ́rìn-ín. “Kí àwọn ọmọ wá máa da míníràlì sí àga mi? Ìyá oníbòrí, Ọlọ́run ló ń ṣọ́ni o.”

Ọdún kẹrin rèé. Àwọn ọkọ̀ ọdún yìí ti jáde. Mo rí i nínú àwòrán pé aṣọ pélébé náà ti dé ara àga ẹ̀yìn nínú àwọn kan báyìí. N kò kọ èrò kankan sílẹ̀. Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ wá, mo ń fi ibẹ̀ hàn án, mo ní mi ò ní bò ó. Á dúpẹ́, á sì lọ bá ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Àga pálọ̀ ni mò ń rán báyìí.

Mo ṣì máa ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, tí ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ eérú bá ń kọjá, màá dìde, màá wo ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ yẹn á ti tó jókòó níwájú báyìí. Òwú tí mo lò yẹn, kì í já.