Iṣẹ́ Ọnà Ni, Kì Í Ṣe Ẹbọ

Nígbà tí mo wà ní kékeré, amọ̀ ni bèbí tèmi. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú mi, kì í ṣe pé ìyà ń jẹ wá tó bẹ́ẹ̀. Àbúrò bàbá mi ra bèbí onírọ́bà kan fún mi nígbà ọdún Kérésì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò jọ ojú ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀. Mushin là ń gbé nígbà náà, nínú ilé kọjúsími-n-kọjúsíọ kan tí ìyá onílé fúnra rẹ̀ ń gbé yàrá iwájú. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga sẹ́yìn ilé, amọ̀ pupa tí wọ́n wú jáde gbà mí lọ́kàn pátápátá. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, n kì í bọ́ aṣọ, n kì í jẹun, ìdí amọ̀ ni ẹ ó ti bá mi.

Gbogbo obìnrin inú ilé ni mo fi amọ̀ mọ. Mo mọ ìyá onílé pẹ̀lú ìdí rẹ̀ tó máa ń kún ẹnu ọ̀nà. Mo mọ ìyá ẹlẹ́kọ, tó máa ń fi ọwọ́ kan ti ìbàdí bí ó bá ń sọ̀rọ̀. Mo mọ ìyá mi, mo sì pọn àbúrò mi sí i lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n gbẹ díẹ̀, mo ní ẹ̀bùn ni n ó fi wọ́n ṣe. Mo jí ní ìdájí ọjọ́ Àìkú kan kí ẹnikẹ́ni tó jí, mo sì gbé ère oníkálukú sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, kí olúwarẹ̀ lè bá a níbẹ̀. Inú mi dùn dé ẹ̀yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ bí ilé Yorùbá ṣe rí ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá onílé ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn, ariwo tó pa sì jí gbogbo àdúgbò. Oníkálukú ṣílẹ̀kùn tirẹ̀, ó rí ère níbẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn padà gbàgà. Kò sẹ́ni tó lè ré e kọjá lọ tọ̀, ká má tíì sọ ti ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn onígbàgbọ́ ń de ẹ̀mí òkùnkùn láti inú yàrá, bàbá kan tó jẹ́ mùsùlùmí ń ké Kùránì lójú fèrèsé. Èmi bá bọ́ síta, mo ní, "Èmi ni mo mọ wọ́n." Ẹ gbọ́ ohun tí ìyá onílé bi mí: "Ta ló rán ẹ?" Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi. Wọ́n tún bi mí. Bàbá mi náà bi mí. Ìyá mi bi mí pẹ̀lú omijé. Lójú tiwọn, ọmọdé kò lè dédé ro nǹkan kan fúnra rẹ̀! Bàbá mi fi ṣọ́bìrì kó gbogbo wọn dà sí gọ́tà, ìyá onílé sì ní ká wá ilé míì. Ìwáyà la kó lọ kí oṣù náà tó parí. Ó ń dùn mí títí dòní, n kò ní purọ́ fún yín.

Mo dàgbà, mo kàwé, n kò sì fi amọ̀ sílẹ̀. Mo ń mọ ère, mo ń jó irin pọ̀, mo ń rán aṣọ, mo ń gba ohùn àwọn èèyàn sílẹ̀ láti fi sínú iṣẹ́. Àwọn mọ̀lẹ́bí mi ṣì ń bi mí títí di ìsinsìnyí pé èwo gan-an niṣẹ́ mi nínú gbogbo rẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Yábàá ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ère mímọ, àti èyí tí a ń pè ní insitọléṣọ̀n, ìyẹn iṣẹ́ ọnà tí wọn kì í gbé kọ́ ara ògiri, tí wọ́n máa ń tò sílẹ̀ kí èèyàn lè wọ àárín rẹ̀, kó rìn yí ká nínú rẹ̀. Òfin ẹ̀ka wa ni pé bí ọmọ tó fẹ́ ṣe àṣejáde bá tò ó tán, tí kò sẹ́ni tó wọ inú rẹ̀, kò ní gba máàkì.

Àwọn ọmọ wọ̀nyí ló ń fún mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Èyí kò lè po amọ̀ nítorí èékánná tó lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Èyí ń bi mí bóyá a kò lè tẹ ère jáde láti inú kọ̀ǹpútà. Ẹ gbà mí! Àfi ọmọbìnrin kan láti Àgùdà tí kò bẹ̀rù ìdọ̀tí rárá. Ó mọ àwọn obìnrin àdúgbò rẹ̀, wọ́n jókòó lórí àpótí bí ẹni ń ṣe ìpàdé, ó sì tò wọ́n sí àgbàlá ẹ̀ka wa. Ó ku ọjọ́ méjì kí ẹni tó máa yẹ iṣẹ́ wọn wò dé láti ilé ìwé míì. Ẹ sì mọ̀ pé amọ̀ kò gbọdọ̀ yára gbẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò sán. Nítorí náà ni mo ṣe ní kó fi aṣọ tútù bò wọ́n kó tó lọ sílé. Aṣọ tútù ni mo wí. Ṣé mo ní kó jẹ́ funfun ni? Bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì funfun ló fà ya, ó da ọ̀kọ̀ọ̀kan bo ère lórí, ó sì gba ilé lọ.

Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ló kọ́kọ́ dé láàárọ̀. Ó ju ìgbálẹ̀ nù, ó kọrí sí géètì. Nígbà tí mo fi dé, kò sẹ́ni tó ń gba àgbàlá kọjá mọ́, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń gbà lọ sí kíláàsì. Ọ̀gá ẹ̀ka wa, ọkùnrin tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú iṣẹ́ ọnà, ẹ tún un gbọ́, nínú iṣẹ́ ọnà, dúró sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ń pè mí. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá nǹkan ṣe sí i. Kì í ṣe èmi o, àwọn òṣìṣẹ́ ni ẹ̀rù ń bà." Òun náà ló ní ká gbé bọ́ọ̀dù síbẹ̀. Wọ́n bá kọ ọ́ gàdàgbà: IṢẸ́ ỌNÀ NI O. KÌ Í ṢE ẸBỌ.

Ṣé Èkó kọ́ la wà ni? Bí ẹ bá rí i lára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà, ṣebí ẹ ó ti mọ̀ pé ẹnì kan ti ń gbìyànjú láti tà á. Láti ìgbà tí bọ́ọ̀dù yẹn ti dúró, ẹni tí kò tilẹ̀ ro ẹbọ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Wọ́n ń yà á ní fọ́tò láti òkèèrè, wọ́n ń fi ránṣẹ́ káàkiri. Mo ṣàlàyé, mo fọ gírámà, ohùn mi há. Kò sẹ́ni tó gbọ́.

Fọ́tò náà dé Àgùdà kí ọ̀sán tó pọ́n. Ìyá ọmọ náà wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa tòun ti ìbínú, ó sì bi ọmọ rẹ̀ pé ta ló kọ́ ọ ní irú nǹkan báyìí. Ọmọ náà nawọ́ sí mi! Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí mi, nítorí ó mọ ẹ̀kọ́ ilé, ó wá ní, "Ẹ má bínú o, mà. Ọmọ mi kò ní fi èyí jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, lórúkọ Jésù. Ẹ jẹ́ kó mọ ìkòkò òdòdó."

Mo yíjú sí ọmọ náà pé kó gbèjà iṣẹ́ rẹ̀. Ó wolẹ̀. "Mà, mo lè fi wọ́n ṣe ìkòkò òdòdó. Amọ̀ wọn ṣì rọ̀."

Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. N kò mọ ìgbà tí mo pariwo. "Ìkòkò òdòdó kẹ̀? Ìyá tó bí ẹ lo fẹ́ sọ di ìkòkò òdòdó?"

"Ìyá ta ni?" ni obìnrin náà wí.

Ọmọ náà fi ọwọ́ hàn án, ère tó wà láàárín gan-an. Ìyá rẹ̀ ń kùn sínú. Ó wá rọra wọ àárín àwọn ère, ó fi ìka méjì ká aṣọ funfun kúrò lórí rẹ̀. Òun ló jókòó síbẹ̀ lóòótọ́: ó na ẹsẹ̀ kan nítorí orúnkún tó máa ń dùn ún, ó ró ìró mọ́ àyà, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni ń gbọ́ ẹjọ́. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó títí.

"Báyìí ni imú mi tóbi tó?"

"Mọ́mì, bó ṣe rí nìyẹn."

"Irọ́ ni! Ìyá tó ń gbálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wò ó."

Obìnrin tó ti ń sá láti àárọ̀ wọlé. Ó wo ère, ó wo ìyá, ó ní, "Ẹ má bínú o, ó jọ yín." Wọ́n pe mégáàdì kó wá dá ẹjọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì tẹ̀lé e. Ìyá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ kúrò lórí àwọn tó kù, ó ń dá aládùúgbò rẹ̀ mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín dé ibi pé ó fi àpótí kan jókòó. Inú bí mi, ẹ má wulẹ̀ purọ́ tàn mí pé kò yẹ kó bí mi. Gbogbo ìwé tí mo kà kò mú ẹnikẹ́ni wọ àgbàlá yẹn, àfi imú!

Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó wá yẹ iṣẹ́ wò dé. Ó rí bọ́ọ̀dù, ó dúró, ó di báàgì rẹ̀ mú ṣinṣin. Kí n tó la ẹnu, ìyá náà, tí ẹnikẹ́ni kò pè, ti di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ wọlé, sà, ẹ má bẹ̀rù. Èyí tí imú rẹ̀ gba gbogbo ojú yẹn, èmi ni." Ọkùnrin náà wọlé, ó sì rìn ín yí ká. Ọmọ náà gba máàkì rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ayé ti yí padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yí tó bí ẹ ṣe ń pariwo rẹ̀ lórí fóònù. Ẹ̀rù tó ba àwọn tí kò mọ̀wé ní Mushin ló ṣì ń ba ọ̀mọ̀wé ní Yábàá, ó sì ti sú mi. Ṣùgbọ́n ìyá kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ojú ère tí ọmọ rẹ̀ mọ. Ká ní ìyá tèmi bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó bú imú tí mo mọ fún un títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, inú mi ì bá dùn.